Bí Fóònù Kò Bá Lọ, Ẹ Má Tètè Dájọ́

Ọ̀rọ̀ wa lọ́tẹ̀ yìí dá lórí ohun tó ń dá ìjà sílẹ̀ láàrin tọkọtaya, àti láàrin òbí òun ọmọ. Ìyàwó pe ọkọ rẹ̀ lálẹ́, ẹ̀rọ dáhùn pé ọkọ ti pa fóònù. Kí ọkọ tó wọlé, ẹjọ́ ti wà nílẹ̀. Ǹjẹ́ ó yẹ bẹ́ẹ̀? Ẹ jẹ́ kí a wo bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe ń ṣiṣẹ́.

Láti ọdún 1947 ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní Bell Labs, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ti dábàá pé kí a pín ìlú sí ẹ̀ka kéékèèké bí ojú afárá oyin, kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan sì ní òpó tirẹ̀. Ọgbọ́n yìí náà ni GSM, tí Econet àti MTN bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa ní oṣù kẹjọ ọdún 2001, gùn lé.

Bí ẹ bá wọkọ̀ ní Cele, tí ẹ gba Òkóta já sí Àgọ́ Palace, tí ẹ sì ń sọ̀rọ̀ lọ, fóònù yín ń tẹ́tí sí àwọn òpó tó yí i ká, ó sì ń ròyìn èyí tó dún ketekete jù. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì á wá fi yín lé òpó tó kàn lọ́wọ́, bí ìyá ti ń gbé ọmọ fún ìyá àgbà, ẹ kò sì ní mọ̀.

Ṣùgbọ́n àyè òpó níwọ̀n. Nínú GSM, ipè 8 ni ìkànnì ìgbì rédíò kan sáábà máa ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Bí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ bá há gbogbo ènìyàn mọ́ Àgọ́ Palace nírọ̀lẹ́, tí kálukú ń pe ilé, òpó á kún bí mólúè. Bí iná bá lọ, tí dísù sì tán nínú jẹnẹrétọ̀ òpó, òpó á dákẹ́. Bí bátìrì bá kú lójijì, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á wá fóònù náà títí, kò ní rí i. Ẹ̀rọ lè wá wí pé wọ́n ti pa á, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ kò rí ọwọ́ ẹnikẹ́ni.

Lóòótọ́, àwọn kan ń mọ̀ọ́mọ̀ pa fóònù. Ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun.

Kí ni ṣíṣe? Ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́. Yóò dúró ní ibùdó nẹ́tíwọ́ọ̀kì títí fóònù náà yóò fi padà dé. Bí ó bá di pàjáwìrì, ẹ pe 112; bí òpó ilé-iṣẹ́ yín kò bá sí nítòsí, fóònù lè gba ti ilé-iṣẹ́ mìíràn. Ẹni tó ń pẹ́ níta, kí ó tètè fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sílé kí bátìrì tó kú. Ẹni tó wà nílé, kí ó gbọ́ tẹnu onítọ̀hún kí ó tó fìbínú sọ̀rọ̀. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹjọ́ ẹ̀rọ nìkan kò tó tú ilé ká.