Afurasí Kì í Ṣe Ọ̀daràn

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Òwe yìí kò ní kí á gbọ́ ẹjọ́ ẹni tí a fẹ́ràn nìkan; ó ní kí á gbọ́ ti ẹni tí a ti kórìíra pàápàá. Mo fẹ́ kí á fi í yẹ ọ̀rọ̀ kan wò tí ó ṣẹlẹ̀ ní agbègbè Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ ní ọdún 2016 àti 2017, nítorí ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀ nípa àṣà, nípa òfin, àti nípa èdè wa pẹ̀lú.

Ní ọdún méjèèjì yẹn, àwọn apànìyàn tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Badoo ń dá ẹ̀mí àwọn ènìyàn légbodò ní Ìkòròdú. Òru ni wọ́n ń wá. Wọn a wọ ilé tí ààbò rẹ̀ kò tó, wọn a sì fi òkúta fọ́ orí àwọn tí ó sùn, nígbà mìíràn baba, ìyá àti ọmọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní Ẹ̀pẹ́, àwọn ajínigbé wọ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ní Igbóńlá ní oṣù Ọ̀wàrà 2016. Wọ́n tún padà wá ní oṣù Èbìbí 2017, wọ́n kó akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà lọ, ó sì lé ní 60 ọjọ́ kí àwọn ọmọ náà tó rí ojú òbí wọn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ojú yẹpẹrẹ wo ẹ̀rù tí ó ba àwọn ará ibẹ̀. Àwọn ọkùnrin àdúgbò ń ṣọ́de mọ́jú, àwọn ìyá kò lè di ojú sùn.

Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ẹ̀rù náà fi di ìbínú. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lu àwọn tí wọn kò mọ̀ rí pa, wọ́n ń dáná sun wọ́n, nítorí pé òru ni wọ́n rí wọn, tàbí pé wọn kò lè ṣàlàyé ara wọn kíákíá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Agẹmọ 2017, aláwàdà kan tí ó ń ti òde iṣẹ́ bọ̀ wà lára àwọn tí ó bá irú ìbínú yìí lọ. Àwọn ènìyàn pè é ní Badoo, ọ̀rọ̀ sì parí. Ta ni ó gbẹ́jọ́ rẹ̀? Ta ni ó jẹ́rìí? Kò sí.

Ẹ jẹ́ kí á wo èdè díẹ̀. Nínú ọ̀daràn, a rí dá àti ọ̀ràn: ẹni náà ni ó dá ọ̀ràn. Nínú arúfin, a rí rú àti òfin: ẹni náà ni ó rú òfin. Nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì, ẹni tí a ń pè bẹ́ẹ̀ ni olùṣe. Ẹ wá wo afurasí. Ta ni ó ń fura níbẹ̀? Kì í ṣe ẹni tí a ń pè ní afurasí. Àwa ni. Ẹni tí a fura sí ni, a kò sì gbọ́ pé ó ṣe ohunkóhun. Lójú tèmi, ọgbọ́n ńlá ni èdè wa fi pamọ́ síbẹ̀: ìfura jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tí ń fura, kì í ṣe ìwà ẹni tí a fura sí. Ní ọjọ́ tí àwọn ènìyàn Ìkòròdú fò láti afurasí sí ọ̀daràn láìdúró lọ́nà, ẹ̀mí ènìyàn ni wọ́n fi fo odò náà.

Òfin ilẹ̀ wa náà mọ ìyàtọ̀ yìí. Abala 36 nínú Òfin Ìpìlẹ̀ ọdún 1999 sọ pé ẹni tí a fi ẹ̀sùn ọ̀ràn kàn jẹ́ aláìṣẹ̀ títí a ó fi fi ìdí ẹ̀sùn náà múlẹ̀. Abala kan náà ní a kò lè dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi ọ̀ràn tí a kò kọ sínú òfin. Èyí bá òwe wa mu pé ìlú tí kò sí òfin, ẹ̀ṣẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ní ọdún 1961, nínú ẹjọ́ Aoko àti Fagbemi, ilé-ẹjọ́ gíga fagi lé ìdájọ́ ilé-ẹjọ́ ìbílẹ̀ kan tí ó dá obìnrin lẹ́bi àgbèrè, nítorí pé kò sí òfin kíkọ níbẹ̀ tí ó sọ àgbèrè di ọ̀ràn. Ilé-ẹjọ́ kò sọ pé àgbèrè dára. Ohun tí ó sọ ni pé èèwọ̀ àwùjọ àti ọ̀ràn lábẹ́ òfin kì í ṣe ohun kan náà.

Àwọn kan yóò ní òfin òyìnbó ni mo ń gbè lẹ́yìn. Rárá o. Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ kò jìnnà sí àṣà Ìjẹ̀bú, níbi tí Òṣùgbó ti jẹ́ ìgbìmọ̀ ìlú àti ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù. Òṣùgbó lágbára láti dá ènìyàn lẹ́jọ́ ikú, n kò sì sọ pé wọn kò ṣìṣe rí. Ṣùgbọ́n ìlédì ni wọ́n ti ń jókòó gbẹ́jọ́, àgbà ni ó ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe ẹni tí ó bá kọ́kọ́ ké olè. Ẹni tí ó bá sọ pé kíkó táyà sí ènìyàn lọ́rùn ní oríta ni àṣà wa, ó ń pa irọ́ mọ́ àwọn baba wa.

Àwíjàre kan wà tí a kò lè gbójú fò: ọlọ́pàá kì í tètè dé, ilé-ẹjọ́ sì ń pẹ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ṣé lílu aláìṣẹ̀ pa mú Badoo gidi? Ẹni tí ó pa ènìyàn ní òru yóò máa sùn nílé rẹ̀ bí a bá ti fi elòmíràn rọ́pò rẹ̀. Òfin Èkó gba ará ìlú láàyè láti mú ẹni tí ó bá ká mọ́ ìdí ọ̀ràn, ṣùgbọ́n kí ó fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ láìjáfara. Ẹni tí ó bá kọjá ibẹ̀, òun náà di apànìyàn. Ní oṣù Agẹmọ 2017 yẹn gan-an, ilé-ẹjọ́ gíga kan ní ìpínlẹ̀ Rivers dá ẹjọ́ ikú fún ènìyàn mẹ́ta, tí ọ̀kan nínú wọn ti jẹ́ ọlọ́pàá, nítorí akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì mẹ́rin tí wọ́n lù tí wọ́n sì dáná sun ní Aluu ní ọdún 2012. Olè ni wọ́n pe àwọn ọmọ náà.

Kí ni kí àwa tí a fẹ́ràn èdè ṣe? Ẹ gbọ́ ìròyìn Yorùbá lórí rédíò: ẹni tí wọ́n mú lánàá, ọ̀daràn ni wọ́n ń pè é lónìí. Ní ọdún 2021, ìpínlẹ̀ Èkó fi òfin de ọlọ́pàá pé kí wọ́n yé kó afurasí síta fún àwọn oníròyìn wò. Kí á bá òfin náà rìn nínú ọ̀rọ̀ ẹnu wa. Ẹni tí a mú, afurasí ni. Ẹni tí a gbé lọ sí ilé-ẹjọ́, olùjẹ́jọ́ ni. Ẹni tí adájọ́ bá dá lẹ́bi, òun ni ọ̀daràn. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni, ìpele mẹ́ta sì ni. Ẹni tí ó bá kọ́ ọmọ rẹ̀ ní ìyàtọ̀ wọn lè ti gba ẹ̀mí àlejò kan là, ẹni tí ilẹ̀ ṣú bá ní àdúgbò tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n.

Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí á ṣìwà hù, kí Ó má sì jẹ́ kí á rìn ní ọjọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Ire o.