Obudu Tàbí Ìkógòsì: Níbo Ni Kí Ẹ̀ka Wa Lọ?

Ẹ̀yin ará wa ní Dutse Alhaji! Ọ̀rọ̀ tí ó gba ẹnu gbogbo wa kan lákòókò yìí, yálà nínú ọjà tàbí ní ìsọ̀ àwọn mẹkáníìkì, ni ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò ìgbafẹ́ tí ẹ̀ka wa fẹ́ lọ ní ìparí ọdún. Ibi méjì ni a dá lábàá: òkè Obudu ní Ìpínlẹ̀ Cross River, àti omi gbígbóná Ìkógòsì ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì. Ìpàdé gbogbogbò tí ń bọ̀ ni a ó ti dìbò. Kí ọjọ́ náà tó pé, ó yẹ kí á sọ ohun tí ó wà lọ́kàn wa.

Kí á má purọ́, Obudu dára. Òkè náà ga tó nǹkan bí 1,600 mítà ju ojú òkun lọ, otútù ibẹ̀ nígbà ọyẹ́ sì máa ń mú kí ènìyàn wá kóòtù. Ní 1951 ni àwọn òyìnbó ará Scotland dá ọgbà màlúù sílẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí Donald Duke jẹ́ gómìnà, láàrin 1999 sí 2007, ni ìjọba wá sọ ọ́ di ibi ìgbafẹ́ ńlá, tí wọ́n sì ṣe ọkọ̀ tí ń rìn lórí wáyà, tí ń gbé ènìyàn láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Àwọn ọ̀dọ́ wa ni ó fẹ́ ibẹ̀ jùlọ. Wọ́n ní àwọn òyìnbó a máa lọ sórí òkè láti fi pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ yọ̀ lórí yìnyín, àti pé ní Lesotho, ní ilẹ̀ Áfíríkà wa yìí, wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀. Níwọ̀n bí irú yìnyín bẹ́ẹ̀ kò ti sí ní Nàìjíríà, Obudu ni ó súnmọ́ ọn jù. A kò bá wọn jiyàn. Ọmọ Yorùbá kò sá fún yìnyín: ní 2018 Ṣeun Adígún àti Simidélé Adéagbo gbé àsíá Nàìjíríà lọ sí ìdíje Olympics ìgbà òtútù ní South Korea. Ṣùgbọ́n wọn kò gbé ìyá àgbà àti ọmọ ọwọ́ dání lọ síbi eré náà.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Owó tí a fẹ́ ná yìí, àwọn ìyá tí ń ta ẹ̀kọ àti ata ni ó dá púpọ̀ nínú rẹ̀, àwọn tí làkúrègbé ti ń bá jà lórúnkún. Kí ni wọn yóò ṣe nínú otútù Obudu? Ọkọ̀ orí wáyà yẹn sì ti dúró rí fún ìgbà pípẹ́ láìṣiṣẹ́. Bí a bá bá a bẹ́ẹ̀, ọ̀nà tí ó lọ́ bí ejò ni gbogbo wa yóò gbà gòkè, àwọn tí ọkọ̀ máa ń mú bì láàrin wa sì mọ ara wọn. Ó tún ń pa wá lẹ́rìn-ín pé àpáta ni ìtumọ̀ Dutse lédè Hausa. Àwa tí a ń jí rí òkè lójoojúmọ́ ni a tún fẹ́ dáwó lọ wo òkè.

Ní Ìkógòsì, omi gbígbóná àti omi tútù ń ṣàn láti orísun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n pàdé, wọ́n sì jọ ń lọ. Ìtàn àwọn ará ibẹ̀ sọ pé orogún ni wọ́n, ìyàwó ọkọ kan náà: èyí tí inú rẹ̀ máa ń ru ni omi gbígbóná, oníwà pẹ̀lẹ́ ni omi tútù. Àwọn ìwé kan máa ń kọ ọ́ pé òjíṣẹ́ Ọlọ́run ará Amẹ́ríkà kan, John McGee ti ìjọ Onítẹ̀bọmi, ni ó ṣàwárí omi náà ní 1952, bí ẹni pé àwọn tí wọ́n bí síbẹ̀ kò wẹ̀ rí! Àgbà lè jókòó kí ó ki ẹsẹ̀ bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ọmọdé sì lè lúwẹ̀ẹ́. Ẹni tí ara rẹ̀ kò bá gbà kí ó jókòó, omi Àrìnta wà nítòsí ní Ìpólé-Ìlọ́rọ̀, Olúmirìn ti Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà kò sì jìnnà, níbi tí omi ti ń já láti orí àpáta dé orí àpáta ní ìpele méje. Kí ó gùn ún títí yóò fi rẹ̀ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ni ó ká wa lára jù. Hausa ni wọ́n ń sọ níta, Gẹ̀ẹ́sì nílé ìwé, wọ́n sì ń dúró ṣánṣán kí àgbà ní gùdú mọ́nìn. Ní Ìkógòsì, ọmọ tí ó bá fẹ́ ra àkàrà yóò ya ẹnu sọ Yorùbá. Lóòótọ́, ẹnu Èkìtì yóò kọ́kọ́ rú u lójú, bí ó ti ń rú àwa tí a ti Ìjẹ̀bú àti Ọ̀yọ́ wá náà lójú, ṣùgbọ́n yóò mọ̀ pé ìyá rẹ̀ nìkan kọ́ ni ó ń sọ èdè náà. A kò fi èyí kẹ́gàn àwọn ará Obudu. Àlejò ni àwa náà ní ilẹ̀ àwọn Gbagyi, a sì mọ iyì ẹni tí ń gba àlejò.

A gbọ́ pé àwọn kan ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé àwọn ọmọ Èkìtì inú ìgbìmọ̀ ni ó ń fa ìrìn náà sílé. Kí wọ́n wá sọ ọ́ nípàdé. Èyí tí ó yẹ kí á fi ara balẹ̀ gbọ́ ni ti àwọn tí ń bẹ̀rù ọ̀nà. Ní oṣù kìíní 2024 ni wọ́n pa ọba méjì ní Èkìtì lójú ọ̀nà, ní oṣù yẹn kan náà ni wọ́n jí àwọn ọmọ ilé ìwé gbé ní Ẹ̀múrè. Ọ̀nà Benue tí a ó gbà dé Obudu náà kò sì bọ́ lọ́wọ́ ewu. Nítorí náà, ojúmọmọ ni kí á rìn. Kí ìgbìmọ̀ bi àwọn awakọ̀ tí ń ná Lọ́kọ́ja, Kàbbà àti Ọ̀mùò léèrè ní ọ̀sẹ̀ tí a fẹ́ lọ gan-an. Bí wọ́n bá ní kò dára, kí á sún un di ọdún Àjíǹde, kí owó wa wà nílé ìfowópamọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má sì san kọ́bọ̀ lórí àwòrán inú fóònù. Kí a kọ́kọ́ rán ènìyàn méjì lọ wo iye yàrá, bóyá iná wà, àti bóyá omi wà nínú odò ìlúwẹ̀ẹ́. Kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ obìnrin, nítorí àwa ọkùnrin kì í rántí wo ilé ìdáná àti ilé ìgbẹ́ kí á tó sanwó.