Iná Ìlú Ta Ni Wọ́n Fi Ń Kọ́ Àwọn Ọmọ Wa?

Ọdún 1923 ni ilé-iṣẹ́ ìpèsè iná Ìjọra bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ l'Ékòó, èédú Enugu ni wọ́n sì ń dá sí i. Títí di òní, ibùdó iná ńlá ṣì wà ní Ìjọra, níbi tí wọ́n ti ń sọ iná 132,000 volt di 33,000 kí ó tó kọjá sí àdúgbò. Síbẹ̀, bí akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ iná bá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ní yunifásítì, ohun tí wọ́n sábà máa ń gbé síwájú rẹ̀ ni àwòṣe tí wọ́n ń pè ní IEEE 14-bus. Kí ni nǹkan náà? Apá kan okùn iná Amẹ́ríkà ni, bó ṣe rí ní oṣù Kejì ọdún 1962!

Kò sí olóye tí yóò bá kọ̀ǹpútà jà. Ta ni yóò gba ọmọ ilé-ìwé láyè kí ó já okùn iná orílẹ̀-èdè, kí ó lè mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀? Lórí kọ̀ǹpútà, ó lè bì í wó nígbà mẹ́wàá, kí ó tún un tò, láìsí pé ẹnikẹ́ni fara pa. (Ní ọdún 2024, léraléra ni okùn iná Nàìjíríà wó lulẹ̀, ọmọ ilé-ìwé kankan kò sì fọwọ́ kàn án.)

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé, nínú àwòṣe Amẹ́ríkà yẹn, kò sí ọ̀kan nínú ìkóríta iná mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá tí volt rẹ̀ dín. Gbogbo wọn ló pé, tí wọ́n tilẹ̀ lé díẹ̀. Níbo ni ọmọ Ajégúnlẹ̀ ti rí irú iná bẹ́ẹ̀ rí? Háàfù kọ́rẹ́ǹtì ló mọ̀: gílóòbù tó pọ́n bí ojú ọ̀mùtí, fáànù tó ń wọ́ra bí arúgbó. Ó mọ tiransífọ́mà tí ẹrù rẹ̀ ju agbára rẹ̀ lọ. Ó mọ bí gbogbo àdúgbò ṣe ń sá lọ sórí fésì kan ṣoṣo nígbà tí fésì kejì bá kú. Àwòṣe náà kò mọ̀ ọ́n, nítorí ó ti gbà pé ẹrù fésì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ́gba.

Àwọn olùkọ́ kan a máa wí àwíjàre pé iye ti Nàìjíríà ṣòro rí gbà. Ṣé wọ́n ti béèrè ni? Kí wọ́n kó akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹta lọ sí Ìjọra. Kí àwọn ọmọ náà ka ohun tí wọ́n kọ sára tiransífọ́mà, kí wọ́n kọ ẹrù tó wà lórí rẹ̀ ní ọ̀sán àti ní aago méje alẹ́ sílẹ̀, kí wọ́n fi wọ́n sínú kọ̀ǹpútà, kí wọ́n sì wò ó bóyá èsì rẹ̀ bá ti mítà mu. Ilé-iṣẹ́ TCN ló ni ibùdó náà. Àwọn ni kí ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ kọ lẹ́tà sí, kí sáà tó ń bọ̀ tó wọlé.