Ilé Tí A Kọ́ àti Ọmọ Tí A Kò Kọ́

Ọ̀rọ̀ kan ti di àṣà lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn, àní lẹ́nu àwa olùkọ́ pàápàá, tí kò yẹ kí a dákẹ́ sí mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá bèèrè ìdí tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọba fi ń kùnà nínú ìdánwò, èsì tí yóò gbọ́ ni pé, "Irú ọmọ wo ni ó wà níbẹ̀ ná?" Ẹni tí ó wí bẹ́ẹ̀ a sì káwọ́ lẹ́rán, bí ẹni pé ó ti dá ẹjọ́ tán. Àwa wí pé kò tí ì gbọ́ ẹjọ́ náà rárá.

Ẹ jẹ́ kí a fi Abraham Adésànyà Estate, lẹ́bàá títì tí ó ti Lekki lọ sí Ẹ̀pẹ́, ní agbègbè Ajah, ṣe àpẹẹrẹ. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ọ̀nà méjì ni àwọn ọmọ ibẹ̀ àti ti àyíká rẹ̀ ń gbà. Àwọn kan ń wọ ọkọ̀ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni. Àwọn yòókù ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ti ìjọba. Ta ni àwọn tí ń rìn yìí? Ọmọ aṣọ́nà ni wọ́n, ọmọ bíríkìlà tí ó mọ ògiri ilé wa, ọmọ alágbàfọ̀, ọmọ apẹja, ọmọ ìyá alákàrà. Yorùbá ni ọ̀kan gbọ́ nílé, Ẹ̀gùn ni èkejì gbọ́, Ìgbò tàbí Haúsá ni ẹ̀kẹta. Òmíràn ti kiri ọjà kí agogo tó lù.

Àwa kò sẹ́ pé ilé tí ọmọ ti wá ń hàn nínú ìwé rẹ̀. Ní ọdún 1966, ọ̀mọ̀wé kan ní Amẹ́ríkà, James Coleman, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ṣe ìwádìí lórí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí iye wọn lé ní 500,000, wọ́n sì rí i pé ipò ilé ọmọ hàn nínú máàkì rẹ̀ ju ohun èlò ilé-ẹ̀kọ́ lọ. Láti ìgbà náà ni àwọn ọ̀lẹ ti fi ìwé yìí ṣe ibi ìsádi. Ṣùgbọ́n wọn kò kà á dé òpin. Nítorí ìwé kan náà wí pé ọmọ tí kò ní olùrànlọ́wọ́ nílé gan-an ni ilé-ẹ̀kọ́ rere ń ṣe ní àǹfààní jù. Ọmọ olówó lè rí olùkọ́ mìíràn nílé. Ọmọ aṣọ́nà kò ní ju èyí tí ó dúró níwájú rẹ̀ lọ.

Ẹ rántí ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955, nígbà tí ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Iye ọmọ tí kò tó 460,000 ní 1954 di èyí tí ó ju 800,000 lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ ta ni wọ́n? Ọmọ àgbẹ̀ ni, ọmọ aláró, ọmọ ẹni tí kò mọ a yàtọ̀ sí b. Bí àwọn àgbà ìgbà náà bá ti bèèrè pé irú ọmọ wo nìyí, kí wọ́n sì ti ilẹ̀kùn, mélòó nínú àwa tí ń kọ̀wé àti ẹ̀yin tí ń kà á ni ìbá mọ̀wé lónìí?

Ẹni tí ó bá wí pé ìgbà ti yí padà, kí ó wo Ilé-Ifẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's "A", Modákẹ́kẹ́. Wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan fún ọdún mẹ́fà, olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́ náà dájú sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn wọ̀nyí tayọ àwọn ẹgbẹ́ wọn tí a yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún kẹta, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. A kò kó ọmọ ọlọ́lá wá láti ibòmíràn. Ẹ̀kọ́ ni ó yí padà. A mọ̀ pé kíláàsì Ajah, tí èdè púpọ̀ pàdé nínú rẹ̀, kì í ṣe ti Modákẹ́kẹ́, a kò sì wí pé oògùn kan náà ni yóò wò ó. Ohun tí a wí ni pé kí olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọmọ dé, kì í ṣe láti ibi tí ìwé rò pé ó dé.

Ta ni ó jẹ̀bi nígbà náà? Àwa tí ẹnu wa tó ọ̀rọ̀ ni. Nígbà tí a ka àwọn ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni Ìpínlẹ̀ Èkó ní 2010 sí 2011, wọ́n ju 12,000 lọ. Ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọba jẹ́ nǹkan bí 1,000. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ pé òbí wá ohun tí ó dára fún ọmọ rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ wa ni pé, nígbà tí a kó ọmọ wa lọ, a kó ohùn wa lọ pẹ̀lú. Bí òrùlé bá ń jò, ta ni yóò tọ aláṣẹ lọ? Ṣé aṣọ́nà tí kò gbọdọ̀ kúrò lẹ́nu géètì? Ó sì yẹ kí ojú tì wá nítorí orúkọ tí ibẹ̀ ń jẹ́. Nítorí agbẹjọ́rò Abraham Adésànyà, tí ó kú ní 2008, jẹ́ sẹ́nétọ̀ nínú ẹgbẹ́ Unity Party of Nigeria, ẹgbẹ́ tí ó fi ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ṣe ọ̀kan nínú òpó mẹ́rin rẹ̀.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a ń bèèrè. Èkíní, kí a kọ ibi tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ kí a tó fi ibi tí ó dé dá ilé-ẹ̀kọ́ lẹ́jọ́. Èkejì, kí a fi olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́ jù sí àwọn kíláàsì ìbẹ̀rẹ̀, níbi tí ìwé ti ń mọ́ ọmọ lára tàbí kí ó di ẹ̀rù fún un. Ẹ̀kẹta, kí àwọn onílé jókòó nínú ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba tí ó sún mọ́ wọn, bí ọmọ wọn kò tilẹ̀ sí níbẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà, olódo, kú lẹ́nu wa.

Àwọn bàbá wa ti wí i pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Wọn kò sọ pé ọmọ tiwa nìkan ni.