Ẹ Bèèrè Kí Ẹ Tó Bu Oúnjẹ Fún Aláìsàn

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kò ga, kò sì jìn: ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe oúnjẹ àwa tí ara wa le, bí kò ṣe èyí tí a ń gbé lọ sí ọsibítù fún àwọn tí ó dùbúlẹ̀ àìsàn. Mo ti ṣàkíyèsí pé ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó gbà pé oúnjẹ kò lè ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi, níwọ̀n ìgbà tí ó bá ti jẹ́ hàláàlì, tí a sì fi ọkàn rere gbé e kalẹ̀. Èmi pàápàá gbà bẹ́ẹ̀ rí, kí ojú mi tó là.

Ní oṣù Rámádánì kan tí kò tíì pẹ́ púpọ̀, ẹgbẹ́ àdínì wa dá owó jọ. A se ìrẹsì, a dín ẹran, a ra dàbínù àti oyin, a sì gba ọsibítù ìjọba kan lọ láti fi ṣe sàárà. Èmi ni wọ́n gbé apẹ̀rẹ̀ dàbínù lé lọ́wọ́. Nígbà tí a dé wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin, mo rí bàbá kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wú. Mo kí i, ó dá mi lóhùn tayọ̀tayọ̀, mo sì bu ẹ̀kúnwọ́ dàbínù fún un pé kí ó fi ṣínu. Kò tíì fi ẹyọ kan kan ẹnu tí nọ́ọ̀sì kan fi sáré dé, tí ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Inú bí mi gidigidi. Mo ní, "Sísítà, ṣé dàbínù tí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun fi ń ṣínu ni ẹ ń já gbà lọ́wọ́ aláìsàn?" Ọmọbìnrin náà kò bá mi jà. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, Alhaji. Kíndìnrín bàbá yìí ti dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ohun kan wà nínú dàbínù tí ó jẹ́ pé kíndìnrín nìkan ni ó lè kó o dànù. Bí ó bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, ọkàn wọn lè dúró lójijì." Ojú tì mí. Mo wo apẹ̀rẹ̀ ọwọ́ mi, mo sì rántí pé mo ti pín in fún ènìyàn bíi mẹ́wàá kí n tó dé ọ̀dọ̀ bàbá yìí, n kò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè ohun tí ó ń ṣe wọ́n.

Ohun tí nọ́ọ̀sì náà ń wí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní pòtásíọ̀mù. Ó wà nínú dàbínù, nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọsàn, omi àgbọn, iṣu àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀fọ́. Fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ pé, ohun rere ni, ó tilẹ̀ ń ran ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́wọ́. Fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti bàjẹ́ pátápátá, májèlé ni. Ẹ kò rí i pé oúnjẹ kan náà ni? Èyí ni ó fi jẹ́ pé àwọn iyọ̀ kan tí wọ́n ń tà lọ́jà pé ó dára fún ẹlẹ́jẹ̀ ríru kò yẹ fún alárùn kíndìnrín rárá, nítorí pé pòtásíọ̀mù ni wọ́n fi rọ́pò apá kan nínú iyọ̀ náà. Iṣu pàápàá, bí alárùn kíndìnrín yóò bá jẹ ẹ́, wọn a ní kí a gé e wẹ́wẹ́, kí a rẹ ẹ́ sínú omi, kí a sì fi omi púpọ̀ bọ̀ ọ́, kí a wá da omi náà nù. Ìyá arúgbó wo ni yóò mọ èyí láìjẹ́ pé ẹnìkan sọ fún un? Omi iṣu tí òun ń fi ọbẹ̀ lé lórí láti kékeré ni ẹ ní kí ó dànù!

Ẹ tún wo ti ẹran àti ẹja. Kí wọ́n tó gbé alárùn kíndìnrín dé ìdí ẹ̀rọ tí ń fọ ẹ̀jẹ̀, dókítà a máa sọ fún un pé kí ó dín ẹran, ẹyin àti ẹ̀wà kù, nítorí pé ìdọ̀tí tí wọ́n ń fi sílẹ̀ nínú ara ni kíndìnrín ń wà jáde. Ìwọ̀n tí wọ́n sábà máa ń fún un jẹ́ bíi gíráàmù 0.8 oúnjẹ tí ń mú ara dàgbà fún kílò kan ara rẹ̀ lójúmọ́. Ẹni tí ó bá wọn kílò 60, gíráàmù 48 ni tirẹ̀, ẹyin kan ṣoṣo sì ní bíi gíráàmù 6 nínú. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, òfin náà yí padà. Ẹ̀rọ náà ń fa oúnjẹ jáde pẹ̀lú ìdọ̀tí, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ jẹ ẹran àti ẹyin sí i, bíi gíráàmù 60 sí 72 fún ẹni tí a wí yìí. Mo mọ ìdílé kan tí wọ́n di òfin ìṣáájú mú ṣinṣin fún ọ̀pọ̀ oṣù lẹ́yìn tí wọ́n ti ń fọ ẹ̀jẹ̀ bàbá wọn, tí wọn kò jẹ́ kí ó fojú kan ẹran. Bàbá náà rù kan eegun. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é. Ẹni tí ó sọ ti àkọ́kọ́ fún wọn kò rántí láti sọ ti èkejì ni.

Iyọ̀ ni ó wá kàn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà má jẹ tó gíráàmù 5 iyọ̀ lójúmọ́, èyí tí í ṣe ìwọ̀n ṣíbí tíì kan, èyí sì ni ti ẹni tí ara rẹ̀ le. Àwa a máa rò pé bí a kò bá ti bu iyọ̀ sí ọbẹ̀, a ti pa òfin mọ́. A gbàgbé màgí, tí ó jẹ́ pé bí ìdajì rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni iyọ̀. A gbàgbé irú tí wọ́n fi iyọ̀ sí kí ó má bàa bàjẹ́. A gbàgbé búrẹ́dì. Èyí tí ó sì ya èmi lẹ́nu jù ni káún. Káún tí a ń fi sí ewédú kí ó lè yọ̀, tí a ń fi sí ẹ̀wà kí ó lè tètè rọ̀, ìbátan iyọ̀ ni nínú ohun tí ó ń ṣe fún ara: sódíọ̀mù ni ó kún inú rẹ̀. Láàrin ọdún 1970 sí 1979, àwọn dókítà ní Zaria kọ̀wé nípa àwọn ìyá ọlọ́mọ tuntun tí ọkàn wọn ń dá iṣẹ́ sílẹ̀ tí ara wọn sì ń wú. Wọ́n ka kúnú oníkáún tí àwọn obìnrin náà ń mu lẹ́yìn ìbímọ, àti ooru iná tí wọ́n ń yá, mọ́ ohun tí ó fà á. Àwọn mìíràn ti bá wọn jiyàn lẹ́yìn náà pé ọ̀ràn náà jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò sí dókítà tí yóò ní kí ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń ṣàìsàn máa jẹ káún.

Ó dára, ta ni ń se oúnjẹ aláìsàn ní ilẹ̀ wa? Ní ọ̀pọ̀ ọsibítù ìjọba, àwọn ará ilé ni. Àǹtí ni ó ń gbé kúlà bọ̀ láti ilé ní òwúrọ̀, ìyàwó ni ó ń ra ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín lẹ́nu géètì. Dókítà yóò kọ ọ́ sínú fáìlì ní èdè Gẹ̀ẹ́sì pé oúnjẹ aláìníyọ̀ ni kí wọ́n fún ẹni báyìí, yóò sì lọ. Fáìlì náà kò lè se ọbẹ̀. Àwọn onímọ̀ oúnjẹ aláìsàn wà ní àwọn ọsibítù ńlá, irú bíi UCH ní Ìbàdàn, iṣẹ́ wọn sì dára, ṣùgbọ́n ẹ bọ́ sí ọsibítù ìjọba ìbílẹ̀ kí ẹ béèrè wọn, ẹ ó rí i bí wọ́n ti ṣọ̀wọ́n tó. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí náírà sì ṣubú lẹ́yìn rẹ̀, owó oúnjẹ ti kọjá agbára ọ̀pọ̀ ilé. Bí a bá ní kí alátọ̀gbẹ dín gàrí àti ìrẹsì kù kí ó sì fi ẹ̀wà, ẹja àti ẹ̀fọ́ dí i, ohun tí ó wọ́n jù lọ́jà ni a ní kí ó máa jẹ. Nítorí náà nígbà tí aláìsàn bá kọ etí ikún sí òfin oúnjẹ, kí á má tètè pè é ní olórí kunkun.

Àwọn ọmọdé náà ní tiwọn. Láti ọdún 1956, Dókítà David Morley ṣiṣẹ́ ní ọsibítù Wesley Guild ní Iléṣà, ó sì wo àwọn ọmọ Ìmẹ̀sí-Ilé dàgbà, tí ó ń wọn wọ́n lóṣooṣù, tí ó sì ń kọ ìwọ̀n náà sórí káàdì tí ìyá ń gbé lọ sílé. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ni ó kọ́ ọgbọ́n káàdì yẹn láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ohun tí ó rí náà ni pé ìyá tí ó bá lóye oúnjẹ ọmọ a máa ṣe ju òògùn lọ. Lónìí, ọmọ tí ebi ti pa di egungun, bí wọ́n bá gbé e dé ọsibítù, wàrà kan tí wọ́n ń pè ní F-75 ni wọ́n kọ́kọ́ ń fún un díẹ̀díẹ̀. Wàrà náà kò lágbára púpọ̀, ó sì mọ́ọ́mọ̀ rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé ara ọmọ náà kò lè gbé oúnjẹ líle. Ẹ̀yìn ọjọ́ mélòó kan ni wọ́n á tó fún un ní F-100. Ìyá-àgbà a wá rò pé wọ́n ń fi ebi pa ọmọ ọmọ òun, a sì fi àmàlà pamọ́ sábẹ́ ìró wọlé. Bí a bá kó oúnjẹ lé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lórí lójijì, ọkàn rẹ̀ lè dákẹ́. Nígbà tí a sì ti dá ọmọ lẹ́nu, kí á fi kún un pé oyin kò yẹ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, ì báà jẹ́ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ.

Nísinsìnyí mo dé orí àáwẹ̀, mo sì mọ̀ pé àwọn kan yóò bínú sí mi. Súrà kejì nínú Àlùkùránì, ní ẹsẹ̀ 184 àti 185, ti yọ aláìsàn kúrò lábẹ́ ọ̀ranyàn àáwẹ̀: kí ó san án lọ́jọ́ mìíràn, ẹni tí àìsàn rẹ̀ kò sì ní lọ mọ́, kí ó fi oúnjẹ bọ́ tálákà. Síbẹ̀, nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní ọdún 2001 láàrin alátọ̀gbẹ Mùsùlùmí 12,243 ní orílẹ̀-èdè 13, ìdá 79 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí àtọ̀gbẹ wọn jẹ́ irú kejì, èyí tí ó wọ́pọ̀ lára àgbà, ni ó gba àáwẹ̀ ọjọ́ 15 ó kéré tán. Láàrin wọn, iye ìgbà tí ṣúgà lọ sílẹ̀ tí ó fi di ti ọsibítù di ìlọ́po méje àbọ̀ ti àwọn oṣù yòókù. Kì í ṣe gbogbo alátọ̀gbẹ ni a ní kí ó má gba àáwẹ̀. Àwọn kan lè gbà á bí dókítà bá ti tún wákàtí òògùn wọn tò ṣáájú oṣù náà. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tí ṣúgà rẹ̀ bá wá sí ìsàlẹ̀ 70 tàbí tí ó gòkè ju 300 lọ lórí ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń gún ìka, kí ó ṣínu lójú ẹsẹ̀, ì báà ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí oòrùn wọ̀. Gígún ìka náà kò ba àáwẹ̀ jẹ́. Ẹ̀yin Ààfáà wa, bí ẹ bá sọ èyí lórí mínbárì ní Jímọ̀ tí ó ṣáájú Rámádánì, yóò wọ àwọn ènìyàn létí ju bí nọ́ọ̀sì ṣe sọ ọ́ lọ.

Àwọn ará wa tí ó wà ní London máa ń sọ fún mi pé ní ọsibítù ibẹ̀, wọn a béèrè bóyá hàláàlì ni ènìyàn ń jẹ, wọn a sì béèrè bóyá ó lè gbé nǹkan mì. Ìbéèrè kejì yìí ni ó ṣe pàtàkì fún ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù. Wọ́n ti ṣètò ìwọ̀n bí oúnjẹ àti omi ti gbọ́dọ̀ ki tó sí ipele mẹ́jọ, láti òdo dé 7, kí oúnjẹ má bàa gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ní ọ̀dọ̀ wa, ìfẹ́ ni a fi ń rọ ẹ̀kọ mímu sí wọn lẹ́nu lórí ìdùbúlẹ̀.

Ẹgbẹ́ wa kò ṣíwọ́ sàárà. Ní Rámádánì tí ó tẹ̀lé e, a rán ènìyàn méjì lọ bá sísítà àgbà wọ́ọ̀dù náà ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé fún wa: ìkòkò kan aláìníyọ̀ aláìnímàgí, ìkòkò kan fún àwọn alátọ̀gbẹ, ti àwọn yòókù bí a ti máa ń sè é. Ó ní àwọn méje kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ fún ní ohunkóhun. Fún àwọn méje yìí, owó ni a fi sílẹ̀, pé kí wọ́n fi san lára owó àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wọn. Àwọn ìyàwó wa ráhùn pé ọbẹ̀ aláìníyọ̀ kò dùn, òótọ́ sì ni, kò dùn. Wọ́n fi àlùbọ́sà, ata àti efinrin tún un ṣe. N kò bá bàbá àkọ́kọ́ nì níbẹ̀ mọ́. Wọ́n sọ fún mi pé ó ti lọ sílé, ó sì ń wá fọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ bá rí owó.