Ta Ló Ń Sanwó Èèbù?

Ẹni tó bá ti dàgbà tó láti rántí ìparí àwọn ọdún 1990 á rántí òlekú: ìró kúkurú tó mọ níwọ̀n orúnkún, bùbá tó bá a mu lókè. Nígbà náà, télọ̀ tí kò bá mọ òlekú rán, ojúlé kejì ni oníbàárà rẹ̀ máa yà sí. Òlekú mówó wọlé fún aláṣọ, ó mówó wọlé fún télọ̀, ayàwòrán òde ìnáwó náà jẹ níbẹ̀. Inú fíìmù Ó Le Kú, tí Túndé Kèlání gbé jáde ní 1997, ni orúkọ aṣọ yìí ti wá. Ìwé ìtàn-àròsọ tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá tẹ̀ ní 1974 ló bí fíìmù náà. Olùkọ́ yunifásítì ni Ìṣọ̀lá, ó sì pẹ́ gan-an nídìí iṣẹ́ náà ní Ifẹ̀. Ìfẹ́ àárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ló sì fi ìwé náà sọ.

Kò sí òfin tó ní kí télọ̀ yọ kọ́bọ̀ kan sọ́tọ̀ fún òǹkọ̀wé, kò sì yẹ kó sí. Ìlú ló jèrè. Àmọ́ bí ọ̀rọ̀ owó yunifásítì bá délẹ̀, ohun tó wọlé nìkan là ń kà, a kì í ka ohun tó jáde. Àgbẹ̀ kì í ronú bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fẹ́ jẹ iṣu lẹ́ẹ̀mí-ìn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ẹni tí yóò sanwó èèbù.

Iṣẹ́ olùkọ́ yunifásítì kì í ṣe ẹyọ kan. Á kọ́ni, á ṣèwádìí, á tún ṣe ti ìlú. Bí kò bá sì tẹ ìwádìí jáde, ìgbéga dẹ̀yìn. Gbogbo rẹ̀, owó oṣù kan ṣoṣo ló wà fún un. Akẹ́kọ̀ọ́ ni kì í jẹ́ kí ẹrù náà wó lé e lórí. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Olùkọ́ ló mọ ibi tó yẹ kí wọ́n gbẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ ló ní eegun tí yóò fi gbẹ́ ẹ, òun náà ló sì máa ń béèrè ìbéèrè tí kò jẹ́ kí olùkọ́ sùn. Ìṣọ̀lá fúnra rẹ̀, ìgbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìbàdàn ló kọ Ẹfúnṣetán Aníwúrà. Akẹ́kọ̀ọ́ àná ló di olùkọ́ tó mú òlekú wá.

Nígbà kan, yunifásítì mọ̀ pé èèbù lówó. Nígbà tí Ọlá Rótìmí gbé eré The Gods Are Not to Blame lọ sórí ìtàgé ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1968, kì í ṣe àpò rẹ̀ nìkan ló gbé e. Yunifásítì ló dá ibùdó Orí Olókun sílẹ̀ láàárín ìlú, tí ará ìlú àti ará yunifásítì jọ ń ṣeré níbẹ̀. Títí dòní ni àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ń ka eré yẹn, tí àwọn tó ń tẹ̀wé sì ń tà á.

Lóde òní ńkọ́? Lọ́dún tó kọjá, ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ni ní kẹ́mísírì ní yunifásítì kan mú ìwé kékeré kan jáde lápò. Ó ní, "Ìwọ lò ń kọ̀wé nípa owó nínú ìwé ìròyìn. Bá mi ṣírò èyí." Owó epo jẹnẹrétọ̀ wà níbẹ̀, owó àtúnṣe fíríìjì wà níbẹ̀, owó ọkọ̀ tó gbé omi odò lọ sí ilé àyẹ̀wò ní ìlú mìíràn náà wà níbẹ̀. Nísàlẹ̀, ó kọ orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta tó yá lówó kí wọ́n lè parí pírójẹ́ẹ̀tì wọn. Mo ní ìgbà wo ni wọ́n máa san án padà. Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé ọmọ ẹni á ṣe pírójẹ́ẹ̀tì tán, kí á tún máa sin ín lówó?" Ó sọ fún mi pé akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún dáwó jọ ra ìgò kẹ́míkà kan, wọ́n sì ń wọ̀n ọ́n pín bí ẹni ń pín òróró.

Òkè òkun ni ìgò náà ti wá, dọ́là ni wọ́n fi rà á. Kí ìjọba tó tú náírà sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà 2023, nǹkan bí 460 náírà ni dọ́là kan ní báńkì. Kó tó pé oṣù mẹ́sàn-án, ó ti kọjá 1,500. Owó oṣù ọ̀rẹ́ mi kò bá dọ́là gun òkè. Ẹ tún wo ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì ní 2022, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì, tí kò parí títí di ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá. Ìjọba ní ẹni tí kò ṣiṣẹ́ kò ní gbowó. Ọdún kan gbáko lẹ́yìn náà ni wọ́n tó gbà láti san oṣù mẹ́rin nínú mẹ́jọ. Ohun tí olùkọ́ ì bá yọ fún ìwádìí nínú owó oṣù, gbèsè ilé ló gbà á.

Kò sì jẹ́ pé owó kò sí rárá. Láti 1993 ni òfin ti ní kí ilé-iṣẹ́ máa san ìdá 2 nínú 100 èrè wọn fún ẹ̀kọ́. Ní 2011, owó yìí di TETFund, ti ilé-ẹ̀kọ́ gíga nìkan. Òfin ìṣúná 2021 sọ ọ́ di ìdá 2.5, ti 2023 sọ ọ́ di 3. Láti oṣù Kìíní 2026, owó ìdàgbàsókè ìdá 4 ló rọ́pò rẹ̀, ìdajì ibẹ̀ sì ni ti TETFund. Ìdajì 4, 2 ni: ibi tí a ti gbéra ní 1993 la padà sí.

Ẹ wọ yunifásítì ìjọba èyíkéyìí, ẹ ó rí ohun tí owó náà ṣe: gbọ̀ngàn ńlá, orúkọ TETFund gàdàgbà lára ògiri. Ó dára, òjò kò ní pa akẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n abà lèyí, kì í ṣe èèbù. Owó ìwádìí náà wà nínú ètò wọn: ní 2020, wọ́n gbé bílíọ̀nù 7.5 náírà kalẹ̀ fún un. Ní iye tí náírà jẹ́ nígbà náà, ó ń lọ sí mílíọ̀nù 20 dọ́là. Bí dọ́là bá jẹ́ 1,500 náírà, mílíọ̀nù 5 péré ni iye owó kan náà máa jẹ́.

Níbi tí wọ́n bá ti ra èèbù, iṣu máa ń ta. Ní Redeemer's University, Ẹdẹ, ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rí owó gbà lábẹ́ ètò Báńkì Àgbáyé fún àwọn ibùdó ìmọ̀ ní Áfíríkà. ACEGID ni wọ́n ń pe ibùdó wọn nígbà náà. Owó náà kò dúró lórí bíríkì: ó ra ẹ̀rọ, ó sì fi àyè gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ másítà àti PhD nínú yàrá ìwádìí. Oṣù Kejì 2020 ni kòrónà wọ Nàìjíríà. Kí oṣù Kẹta tó parí, ibùdó yìí àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ wọn ti ka jíìnì fáírọ́ọ̀sì náà, wọ́n sì ti gbé e síta fún gbogbo ayé, àwọn ni àkọ́kọ́ nílẹ̀ Áfíríkà. Orí àwọn ará Ẹdẹ kò yàtọ̀ sí ti ọ̀rẹ́ mi. Èèbù ni wọ́n rí.

Kí n má ṣe gbè sẹ́yìn olùkọ́ nìkan. Àwọn kan wà tó sọ akẹ́kọ̀ọ́ di lébìrà ọ̀fẹ́: ọmọ á ṣe gbogbo iṣẹ́, orúkọ ọ̀gá nìkan lá jáde. Àwọn mìíràn ń fipá ta ìwé fún wọn. Ọ̀gá mẹkáníìkì tó ń kọ́ ọmọ níṣẹ́ mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí òun yóò gbàdúrà fún ọmọ náà, tí yóò sì dá a sílẹ̀ kó lọ dá dúró. Olùkọ́ tó bá jẹ orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ti se èèbù rẹ̀ jẹ.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn tó ń pín owó yìí kò pọ̀. Kí ẹ tó fọwọ́ sí gbọ̀ngàn tó kàn, ẹ ṣírò iye pírójẹ́ẹ̀tì akẹ́kọ̀ọ́ tí owó rẹ̀ lè san. Ẹ yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fi ra kẹ́míkà, epo, tàbí aṣọ eré ìtàgé, kí orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ jọ wà lórí ìwé owó náà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìwé kékeré inú àpò ọ̀rẹ́ mi jẹ́ ìṣúná ìwádìí orílẹ̀-èdè yìí.