Ta Ló Ní Ká Máa Tẹ F1?

Kọ̀ǹpútà tó wà ní ọ́fíìsì ìdánwò ilé ẹ̀kọ́ wa, níbí ní Iléṣà, kò kú lójijì. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ èyí, nítorí pé ohun tí wọ́n sọ fún àwọn òbí wa nípàdé ni pé, "Ó kàn kú lójijì ni." Irọ́ ni. Sáà ẹ̀kọ́ kan gbáko ló fi ń kìlọ̀ fún wa. Ní gbogbo àárọ̀ tí a bá tàn án, yóò kọ ọ́ sójú rẹ̀ gàdàgbà pé háàdì díìsìkì òun kò dára mọ́, kí a ṣe ẹ̀dà ohun tó wà nínú rẹ̀, kí a sì pààrọ̀ rẹ̀. Nísàlẹ̀ ni yóò ti fi kún un pé bí a bá ṣì fẹ́ máa bá iṣẹ́ lọ, kí a tẹ F1.

A ń tẹ F1. Èmi gan-an tẹ̀ ẹ́. Mo wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta tí wọ́n máa ń pè kí wọ́n wá bá àwọn olùkọ́ tẹ máàkì sínú kọ̀ǹpútà. Ohun àkọ́kọ́ tí ẹni tó ṣáájú mi níbẹ̀ kọ́ mi ni pé, "Tó bá ti kọ nǹkan yẹn, ìwọ ṣáà tẹ F1." N kò bèèrè ìdí.

Ní ọjọ́ Ẹtì kan, nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n fi máàkì CA wa ránṣẹ́ sí WAEC, wọ́n mú iná lọ, wọ́n dá a padà, wọ́n tún mú un lọ, kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Nígbà tí a tún tan kọ̀ǹpútà, kò sọ ọ̀rọ̀ F1 mọ́. Ó ń dún kọ́, kọ́, kọ́, bí ìgbà tí ènìyàn ń fi èékánná kan tábìlì. Inú rẹ̀ ni máàkì SS1 àti SS2 wa wà. Kò sí ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn.

Àwọn olùkọ́ tí ìwé máàkì wọn ṣì wà lọ́wọ́ wọn tún tiwọn tẹ̀. Àwọn tó ti da ìwé tiwọn nù, nítorí pé "ó ti wà nínú kọ̀ǹpútà," fi ojú díwọ̀n rẹ̀ ni. Ọ̀rẹ́ mi kan tó gba 28 nínú 30 nínú iṣẹ́ Physics gba 20. Ẹni tí a kì í sábà rí ní kíláàsì náà gba 20. Wọ́n ní kí ìjà má baà sí ni. Ọ̀rẹ́ mi sunkún ní ẹ̀yìn ilé ìyàgbẹ́, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní rí i.

Mo tọrọ gáfárà lọ́wọ́ àwọn àgbà kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ, nítorí pé àwọn àwíjàre tí mo gbọ́ lẹ́yìn ìgbà náà ni mo fẹ́ bá jà.

Àkọ́kọ́ ni iná. Òótọ́ ni, bí iná bá lọ lójijì nígbà tí kọ̀ǹpútà ń kọ nǹkan sílẹ̀, ohun tó ń kọ lè bàjẹ́. Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín pé Òṣogbo, tí kò jìnnà sí wa, ni ibùdó tí wọ́n ti ń darí iná gbogbo orílẹ̀-èdè yìí wà, tí àwa tó wà nítòsí rẹ̀ sì ń fi tọ́ọ̀ṣì kàwé. Ṣùgbọ́n ta ni kò mọ̀ pé iná yóò lọ? Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ kì í ṣe jàǹbá mọ́. Ẹni tó sá aṣọ sóde nígbà tí òjò ṣú, tó wá ń bú òjò, ṣé òjò ló jẹ̀bi?

Àwíjàre kejì ni pé tòkunbọ̀ ni kọ̀ǹpútà náà. Tòkunbọ̀ ni lóòótọ́. Òṣogbo ni wọ́n ti rà á, ọdún 2009 sì ni wọ́n kọ sí ara díìsìkì rẹ̀. A tilẹ̀ bá iṣẹ́ àṣetiléwá ọmọ òyìnbó kan nínú rẹ̀, èyí tó kọ nípa òkè tó ń yọ iná. Ọmọ náà yóò ti jáde ní yunifásítì báyìí. A kà á, a rẹ́rìn-ín, kò sì sí ẹni tó rò ó pé orúkọ tiwa náà wà nínú díìsìkì tí a óò jù sí ààtàn lọ́la. (Ní ọdún 2005, ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Basel Action Network ra irú díìsìkì bẹ́ẹ̀ ní Èkó, wọ́n sì bá ìwé àṣírí àwọn ènìyàn nínú wọn. Ìyẹn tó àròkọ mìíràn.) Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé a mọ ọjọ́ orí nǹkan yìí láti ọjọ́ tí a ti rà á.

Ẹ wo ohun tí háàdì díìsìkì jẹ́. Àwo dídán ló wà nínú rẹ̀, tó ń yí ìgbà 5,400 tàbí 7,200 ní ìṣẹ́jú kan ṣoṣo. Apá kékeré kan nà sórí àwo náà, orí apá náà ló ń kàwé tó sì ń kọ̀wé, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ fara kan àwo. Àlàfo tó wà láàárín wọn kéré gan-an sí fífẹ̀ irun orí ènìyàn. Èyí tí IBM kọ́kọ́ ṣe ní 1956 ní àwo 50, ó tóbi ju kọ́bọ́ọ̀dù lọ, gbogbo ohun tó sì lè gbà kò ju 5 MB, tí kò lè gba fọ́tò méjì tí ẹ fi fóònù yà lónìí. Láti ìgbà náà wá, wọ́n ti sọ ọ́ di kékeré, wọ́n ti mú un yára, àmọ́ ẹ̀rọ tó ń yí náà ló ṣì jẹ́. Ohun tó bá ń yí yóò gbó. Ta ni nínú yín ló máa fi ọkọ̀ tí táyà rẹ̀ ti yọ wáyà gba ọ̀nà Àkúrẹ́ lóru?

Àwọn kan wá ní kí ìjọba ra tuntun. N kò kọ tuntun o. Ní 2013, ìjọba Ọ̀ṣun gbé Ọpọ́n Ìmọ̀ jáde fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kíláàsì àgbà. Ọmọdé ni mí nígbà náà, ṣùgbọ́n títí di òní ni àwọn ènìyàn ń sọ ọjọ́ tí wọ́n pín in. A fẹ́ràn ọjọ́ tí wọ́n ń pín ẹ̀rọ, ká ya fọ́tò, ká pàtẹ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ tuntun pàápàá ń kú. Ní 2000, IBM gbé díìsìkì kan jáde tí wọ́n ń pè ní Deskstar 75GXP. Ó ń kú tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó rà á fi yí orúkọ rẹ̀ padà sí Deathstar, ìràwọ̀ ikú, tí wọ́n sì pe ilé iṣẹ́ náà lẹ́jọ́ ní 2001. Google náà yẹ díìsìkì tó lé ní 100,000 wò, wọ́n sì tẹ ìwádìí wọn jáde ní 2007. Èyí tó bá ti fi àṣìṣe àkọ́kọ́ hàn, ìlọ́po 39 ni ewu pé yóò kú láàárín 60 ọjọ́ fi ju ti èyí tí kò fi hàn lọ. Ọ̀pọ̀ sì wà tó kú láìfi àmì kankan hàn. Ẹni tí tirẹ̀ bá kìlọ̀ fún, orí ire ló ní. Àwa ní orí ire náà, a tẹ F1 lé e lórí.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ẹni tí wọ́n pè pé kó wá tún un ṣe. Ó gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó pa á, ó tàn án, bóyá ìgbà mẹ́wàá, bẹ́ẹ̀ ìgbàkígbà tí díìsìkì tó ń dún kọ́kọ́ bá tún yí, orí rẹ̀ lè máa họ ojú àwo sí i. Nígbà tó tàn lọ́nà kan ṣá, ó fọ́mátì rẹ̀, ó sì fi Windows tuntun sí i. Gbogbo ọ́fíìsì pàtẹ́wọ́ fún un. Owó ẹni jábọ́ sínú yẹ̀pẹ̀, wọ́n wá pe ẹni tó da kọnkéré lé e lórí! Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, díìsìkì náà kú pátápátá. Bí ẹ bá gbọ́ kọ́kọ́ yẹn, ẹ pa á, ẹ má tàn án mọ́, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ́mátì rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ó kàn ń falẹ̀ ni, ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà ohun tó ṣe pàtàkì jù kí ẹ tó dán ohunkóhun wò. Ètò kan wà tó ń jẹ́ CrystalDiskInfo, ọ̀fẹ́ ni, yóò fi búlúù, yẹ́lò tàbí pupa sọ bí ara díìsìkì ṣe rí fún yín.

"Kò sówó" ni ìdáhùn tí mo gbà nígbà tí mo sọ èyí. Owó kí ni? Mo ṣírò rẹ̀: máàkì gbogbo kíláàsì àgbà ilé ẹ̀kọ́ wa kò tó 2 MB. Fláàṣì tó kéré jù lọ́jà yóò gbà á, yóò sì ṣẹ́ kù rẹpẹtẹ. Iye rẹ̀ kò tó owó àga tí a ń yá fún àríyá ìparí ọdún.

Bàbá bàbá mi kò mọ kọ̀ǹpútà. Òṣómàáló ni wọ́n, wọ́n ń ta aṣọ láwìn láti abúlé dé abúlé, bí ọ̀pọ̀ Ìjẹ̀ṣà ayé ìgbà náà. Ìyá mi sọ fún mi pé ìwé gbèsè méjì ni bàbá ní: ọ̀kan nínú àpò tí wọ́n ń gbé rìn, ọ̀kan nísàlẹ̀ àpótí ìyá àgbà nílé. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti oko òwò dé, wọ́n á jókòó, wọ́n á fi èkíní tún èkejì kọ, kí wọ́n tó jẹun. Iwé mẹ́fà péré ni bàbá kà. Ẹ̀yin tí ẹ ní dìgírì, ìwé gbèsè wa kan ṣoṣo ni ẹ ní, inú àpò tó ti ya ni ẹ sì fi sí.

Wọ́n ti ra kọ̀ǹpútà mìíràn, tòkunbọ̀ náà ni. Èmi àti àwọn méjì tó kù dá owó, a ra fláàṣì kan, a so ó mọ́ okùn pupa, a sì gbé e fún ọ̀gá tó ń mójú tó ìdánwò kí wọ́n máa tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀ wọn, nítorí pé máàkì kì í ṣe ohun tó yẹ kó wà lọ́wọ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, o ti wá di dókítà kọ̀ǹpútà." Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé, wọn kò tíì kó nǹkan kan sínú rẹ̀. Ẹ sì mọ ohun tí òṣómàáló máa ń ṣe lẹ́nu ọ̀nà onígbèsè. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, bí wọ́n bá ti lu aago ìparí, ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì ìdánwò ni mo máa ń lóṣòó sí. Ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, ọ̀rẹ́ mi tó gba 20 wá bá mi lóṣòó.